Ẹranko wo nìyí, ti ìdílé wo sì ni?

Olùkàwé kan fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: “Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Vancouver fi káàdì kan ránṣẹ́ sí mi, àwòrán àwọn Haida, ìran kan ní etíkun Kánádà, ló wà lára rẹ̀. Dúdú àti pupa nìkan ni wọ́n fi kùn ún. Mo rí ẹnu tí eyín kún inú rẹ̀, mo sì rí ohun gíga kan tó nà ró ní ẹ̀yìn ẹranko náà, ṣùgbọ́n ojú ló pọ̀ jù: ojú wà lórí, ojú wà ní èjìká, ojú tún wà ní ìrù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹranko wo ni? Ṣé ohun tí wọ́n ń bọ ni? Ṣé mo sì lè mú un fún ẹni tó máa bá wa tẹ aṣọ ẹbí tí a fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ìyá wa?”

Ẹranko náà ni orca, irú àbùùbùtán kan tó dúdú lẹ́yìn, tó funfun níkùn, tó sì máa ń bá agbo rẹ̀ ṣọdẹ nínú òkun tútù. Ohun gíga tí ẹ rí yẹn ni lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, òun gan-an ni mo sì fi dá a mọ̀. Ẹ tún wo òkè orí rẹ̀, ẹ ó rí àmì roboto kékeré kan. Ihò tó fi ń mí nìyẹn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo lẹbẹ àti ihò yìí, tí ẹ wá wo ojú àti ẹnu tó ṣẹ́ kù, béárì tàbí ìkookò lè dé sí yín lọ́kàn, nítorí pé irú ojú kan náà àti irú ẹnu kan náà ni àwọn olùyàwòrán Haida máa ń fún ọ̀pọ̀ ẹranko. Àmì díẹ̀ ni wọ́n fi ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ẹni tó bá sì mọ àwọn àmì náà á lè ka àwòrán wọn dé ìwọ̀n kan. Mo ní dé ìwọ̀n kan, nítorí pé “ẹranko wo ni?” tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ọmọ Haida máa kọ́kọ́ béèrè. “Ti ta ni?” ni tirẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn erékùṣù Haida Gwaii, nínú òkun Pàsífíìkì, ní etíkun ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà, ni ilé àwọn Haida. Díẹ̀ nínú wọn tún wà ní apá gúúsù Alaska. Queen Charlotte Islands ni àwọn òyìnbó ń pe ibẹ̀ títí di ọdún 2010 tí ìjọba dá orúkọ tí àwọn onílẹ̀ fún un padà. Òjò pọ̀ níbẹ̀, igi kédárì ńláńlá sì wà nínú igbó wọn, láti ara igi yìí sì ni ilé, ọkọ̀ ojú omi, àpótí àti òpó gbígbẹ́ ti ń jáde. Ara àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àwòrán wọn wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bébà bí irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ní ti àwọn àmì, Franz Boas, ọmọ Jámánì tó lọ fi ẹ̀kọ́ nípa ìran ènìyàn ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti tẹ àlàyé nípa púpọ̀ nínú wọn jáde ní ọdún 1897. Beaver, ẹranko olómi kan tó fẹ́ jọ òyà, tó ń fi eyín gé igi lulẹ̀, ni a máa ń fi eyín iwájú méjì tó tóbi rẹ̀pẹ̀tẹ̀ mọ̀, àti ìrù pẹlẹbẹ tí wọ́n fa ilà sí níbùú lóròó bí àwọ̀n; ó sì sábà máa ń di ẹ̀ka igi mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹyẹ ìwò, irú èyí tí Bíbélì sọ pé ó gbé oúnjẹ lọ fún Èlíjà, ní àgógó gígùn tó nà tààrà. Àgógó idì tẹ̀ wálẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ti àwòdì sì tẹ̀ débi pé ó padà wá kan ojú ara rẹ̀. Àkurákùdà ni ẹ ó rí tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ti ẹni tí inú ń bí, tí iwájú orí rẹ̀ ga tó sì ṣonṣo, tó tún ní ilà mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀kẹ́ bí ẹni tó kọ pélé, ìyẹn ihò tí ẹja fi ń mí. Ọ̀pọ̀lọ́ ní ẹnu gbàǹgbà tí kò ní eyín. Béárì ní àtẹ́lẹsẹ̀ ńlá àti èékánná, ahọ́n rẹ̀ sì máa ń yọ síta. Nígbà mìíràn wọ́n á da àmì méjì pọ̀: Wasgo, abàmì ẹ̀dá inú omi, ní ara ìkookò àti lẹbẹ orca, ó sì lágbára débi pé ó lè gbé odindi àbùùbùtán lé ẹ̀yìn kó tún fi òmíràn há àárín etí rẹ̀. Etí gan-an jẹ́ àmì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí: bí etí bá hù lókè orí, ẹranko ni, àní bí ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá jọ ti ènìyàn pátápátá.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ra àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò, èyí tó máa ń sọ pé béárì dúró fún agbára, ìwò dúró fún ọgbọ́n, ọ̀pọ̀lọ́ dúró fún ọrọ̀. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa ìdí tí béárì kan pàtó fi wà lára àpótí kan pàtó, ìyẹn ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ènìyàn fẹ́ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú tó pọ̀ ló dùn mọ́ mi jù nínú ìbéèrè yín, nítorí pé ẹ ti fi ojú ara yín rí ohun tí ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé lákòókò kí wọ́n tó rí àlàyé rẹ̀. Ẹ gbé káàdì náà síwájú, kí ẹ fi ìka lé imú orca yẹn, kí ẹ wá máa tọ ìlà dúdú tó nípọn náà lọ. Ẹ ó rí i pé ó gba òkè orí kọjá, ó wú níbi tó ti fẹ́ yípo, ó tín-ín-rín níbi tó ti fẹ́ pàdé ìlà mìíràn, ó gun orí lẹbẹ, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì dé ìrù láìjá níbì kankan. Bill Holm, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ olùkọ́ tó sì tún ń yàwòrán fúnra rẹ̀, ló fún ìlà yìí ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń lò báyìí, formline, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ìlà náà ló gbé gbogbo àwòrán ró, pé dúdú ni ìlà ìpìlẹ̀ sábà máa ń jẹ́, pupa ni èyí tó tẹ̀ lé e, tí àwọ̀ kan tó wà láàárín ewé àti búlúù sì máa ń wọ inú àyè tó bá kù. Nítorí náà, dúdú tó wà lára orca yín kò ní í ṣe pẹ̀lú dúdú ara orca; ipò ìlà náà nínú àwòrán ló pinnu àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ idì ni wọ́n yà, dúdú náà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ wá ń pè ní ojú jẹ́ àmì kan tó dà bí ẹyin tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tẹ̀ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi wọ inú díẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fi í sí gbogbo ibi tí ara ti ní oríkèé: èjìká, ìdí lẹbẹ, ibi tí ìrù ti so mọ́ ara. Èyí tó wà ní èjìká orca yín, oríkèé ni. Àmọ́ ẹ wo èyí tó wà ní ìdí ìrù dáadáa, bóyá ẹ ó rí imú àti ẹnu kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ojú ènìyàn tòótọ́ nìyẹn, ó sì ní ìdí. Lójú àwọn Haida, àwọn orca ní ìlú tiwọn lábẹ́ òkun, wọ́n ní ilé, wọ́n ní olóyè, ìgbà tí wọ́n bá sì ti wọlé, wọn a bọ́ awọ ara wọn bí ènìyàn ṣe ń bọ́ agbádá, wọn a sì di ènìyàn. Ẹni tí ó ya ojú ènìyàn sínú ara ẹranko ń rán wa létí ẹni tó wà nínú aṣọ náà.

Ohun kejì tó máa ń da àlejò láàmú ni bí ara ẹranko ṣe máa ń là sí méjì. Olùyàwòrán náà fẹ́ kí gbogbo ara wà níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì, inú àti òde, ṣùgbọ́n ojú pákó pẹlẹbẹ ni ó fẹ́ gbé e sí. Ohun tí ó máa ń ṣe ni pé yóò la ẹranko náà láti orí dé ìrù, yóò ṣí i sílẹ̀ bí ẹlẹ́ja ṣe ń ṣí ẹja tí ó fẹ́ yan, yóò sì tẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ́tùn-ún àti sósì orí kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn egungun ìhà pàápàá á hàn. Bí ó bá wá jẹ́ pé ara àpótí onígun mẹ́rin ni, ẹranko náà gbọ́dọ̀ kún àyè náà dé igun, kò gbọdọ̀ ku àlàfo, bẹ́ẹ̀ ni apá rẹ̀ lè fò sókè, kí ìrù lọ sábẹ́ àgbọ̀n. Ibẹ̀ ni àmì ti máa ń dínkù, tí àwọn tó gbọ́n jù pàápàá sì ti máa ń jiyàn.

Ìjiyàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa rántí. Ní ọdún 1897, Boas pàdé Charles Edenshaw, tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí olùyàwòrán àti agbẹ́gilére Haida tó ta á yọ nígbà náà, ó sì ní kó ṣàlàyé àwọn àwòrán fún òun. Edenshaw wo àpótí kan, ó ní ìwò ló wà níbẹ̀, pé ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n gbà fi í hàn. Ó tọ́ka sí orí, èjìká, ọwọ́ àti ìrù. Boas kọ àlàyé náà sílẹ̀, nígbà tó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1927, ó fi kún un pé lójú tòun, Edenshaw kàn fi ọkàn ro àlàyé yẹn ni. Mo gbà pé Boas ní ìdí tó fi ṣiyèméjì, nítorí pé àwòrán ara àpótí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ojú lásán kà tán. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ìbéèrè rẹ̀ gan-an ló ṣe àṣìṣe. Àpótí náà ti kúrò nílé ẹni tó ni ín, bẹ́ẹ̀, ẹnu onílé ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀bùn tí Edenshaw ní kò lè rọ́pò ìtàn ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ibí ni mo ti fẹ́ dáhùn ìbéèrè yín kejì. Wọn kì í bọ àwọn ẹranko wọ̀nyí. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n ń sọ ìtàn bí baba ńlá kan ṣe pàdé ẹranko kan, tàbí bí ìyá ńlá kan ṣe fẹ́ béárì lọ́kọ, ṣùgbọ́n àwòrán náà jẹ́ ohun ìní. Apá méjì ni gbogbo Haida pín sí, apá Ìwò àti apá Idì. Ọmọ Ìwò gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọ Idì, apá ìyá sì ni ọmọ ń jẹ́. Lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìdílé wà, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn àmì tó ní ẹ̀tọ́ láti fi hàn: orca àti béárì ńlá tí wọ́n ń pè ní grizzly wà lọ́dọ̀ àwọn ìdílé apá Ìwò, beaver àti ọ̀pọ̀lọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn apá Idì. Wọ́n lè jogún àmì, wọ́n lè gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, wọ́n tilẹ̀ lè gbà á dípò gbèsè. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé e jáde gbọ́dọ̀ se àsè ńlá tí wọ́n ń pè ní potlatch, kí ó pe àwọn apá kejì wá jẹ́rìí, kí ó sì fi ẹ̀bùn san owó ẹ̀rí náà fún wọn.

Ẹni tó bá ti gbọ́ tí wọ́n ń ki ọmọ orílẹ̀ Erin tàbí ọmọ orílẹ̀ Ọ̀kín lọ́dọ̀ wa kò ní ṣòro fún láti lóye bí ẹranko ṣe lè jẹ́ ti ìdílé láìjẹ́ pé ìdílé náà ń bọ ọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ baba la sábà ń tọ orílẹ̀ wa sí, àti pé akéwì tí kì í ṣe ọmọ ilé náà lè kì í lóde kí wọ́n sì fún un lówó. Lọ́dọ̀ àwọn Haida, ẹni tó bá fi àmì tí kì í ṣe tirẹ̀ hàn ti rú òfin.

Ẹ̀rí kan tún wà tó dá mi lójú ju gbogbo àlàyé yìí lọ. Nínú igbó Haida Gwaii, kò sí grizzly, béárì dúdú nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ìkookò. Kò sí beaver rárá títí di ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn òyìnbó kó o wá. Àní ọ̀pọ̀lọ́ tó wà níbẹ̀ látilẹ̀wá, irú kan ṣoṣo ni. Àkèré tó wà níbẹ̀ lónìí, ènìyàn ló gbé e dé. Síbẹ̀ beaver wà lára òpó, lára àpótí, lára fìlà, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí mọ́. Òdìkejì omi, ní ilẹ̀ ńlá tí àwọn Tsimshian àti àwọn mìíràn ń gbé, ni beaver wà, ọ̀nà ìgbéyàwó, òwò àti ogun sì ni irú àwọn àmì bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kọjá láti ìdílé dé ìdílé. Olùyàwòrán lè ya beaver fún ọgbọ̀n ọdún láì fojú kan ọ̀kan láàyè. Ohun tí ìdílé ní ni ó ń yà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà tọ́ kí n mẹ́nu bà díẹ̀. Èédú ni wọ́n lọ̀ fún dúdú, òkúta pupa fún pupa, títí àwọn oníṣòwò awọ ẹranko fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀bù pupa títàn láti Ṣáínà wá ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n á kó ẹyin ẹja salmon pọ̀ mọ́ èèpo igi kédárì, wọ́n á jẹ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n á tu omi rẹ̀ sínú abọ́ òkúta, òun ni wọ́n fi ń po ọ̀dà kó lè lẹ̀. Irun òòrẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì wọn. Àmì ẹyin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n máa ń fi èèpo kédárì gé àwòṣe rẹ̀, wọ́n á tọ etí rẹ̀ ní ọ̀tún, wọ́n á wá dojú rẹ̀ dé kí wọ́n tó tọ ọ́ ní òsì, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè bára mu. Àpótí náà fúnra rẹ̀, pákó kan ṣoṣo ni: wọ́n á gé ojú ihò mẹ́ta sí i níbùú, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná rọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́ta, wọ́n á sì rán igun kẹrin pọ̀.

Nínú gbogbo iṣẹ́ Edenshaw, fìlà ni mo fẹ́ràn jù. Isabella ìyàwó rẹ̀ ló ń fi gbòǹgbò igi spruce hun ún, ó hun ún jọlọ débi pé omi òjò kò lè wọlé, ọkọ rẹ̀ á wá kun ẹranko yí i ká: ojú ẹranko náà ní iwájú, ara rẹ̀ pín gba etí méjèèjì, ìrù sì pàdé lẹ́yìn orí. Ẹ rí i báyìí pé lílà tí wọ́n ń la ẹranko sí méjì bá fìlà mu gan-an, nítorí ẹni tó bá dé e ti wọ inú ẹranko náà. Ní ṣóńṣó òkè, Edenshaw á ya ìràwọ̀ onígun mẹ́rin kan, igun kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ìdajì pupa, ìdajì dúdú. Ìyẹn ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. Apá Idì ni Edenshaw, apá Ìwò ni ìyàwó rẹ̀, apá Ìwò náà sì ni gbogbo ọmọ wọn.

Àkókò tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí burú. Àrùn ìgbóná tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1862 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìran náà run, débi pé àwọn tó kù ní erékùṣù náà nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀ kò ju nǹkan bí 600 lọ. Láti 1885 di 1951, òfin Kánádà ka potlatch léèwọ̀. Bí kò bá sí àsè, kò sí ẹlẹ́rìí. Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, ẹ̀tọ́ sí àmì kò ní ibi tí yóò ti hàn, àwọn ilé ìṣúra ilẹ̀ òkèèrè, ìyẹn mùsíọ́ọ̀mù, sì ń kó àwọn àpótí lọ. Edenshaw kú ní 1920. Bill Reid, agbẹ́gilére kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Haida, ní láti lọ wo ohun tó wà nínú àwọn ilé ìṣúra kó tó lè kọ́ ọ̀nà tí ìlà náà ń gbà rìn. Robert Davidson, tí wọ́n bí ní 1946, tí ìyá baba rẹ̀ Florence jẹ́ ọmọ Edenshaw, gbé òpó kan ró ní Old Massett, abúlé kan ní Haida Gwaii, ní 1969, àwọn àgbà tó rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò sì pọ̀ mọ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ àwòrán orí bébà, irú èyí tó wà lórí káàdì yín, di ohun tí ènìyàn lè rà.

Ní ti aṣọ ẹbí, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má ṣe gbé káàdì yẹn fún atẹ̀wé. Lábẹ́ òfin, ẹni tó yà á ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Lábẹ́ àṣà, orca lè jẹ́ ti ìdílé kan tó ṣe àsè, tó sì sanwó fún ẹlẹ́rìí kó tó lè gbé e jáde. Ẹ wo bí yóò ti rí ná: ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wọ aṣọ ẹbí tí àmì ẹbí ẹlòmíràn wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán Haida lọ́kàn yín ń fẹ́ dandan, orúkọ olùyàwòrán náà á wà ní ẹ̀yìn káàdì, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tàbí abúlé rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe àti iye aṣọ tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní àwòrán tí wọ́n dìídì yà fún títà, tí wọn kò sì mú àmì ìdílé kankan wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì sọ iye tí wọ́n máa gbà fún yín. Bí ó bá sì kọ̀, ẹ béèrè orílẹ̀ ìyá yín lọ́wọ́ ìyá yín, kí ẹ mú ẹranko tó bá wà níbẹ̀ lọ bá aládìrẹ.